Kẹ́ríà òfìfo lórí mọ́tò mi: ṣé òun ló ń mu epo ni?

Arìnnàjò_Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ epo mọ́tò mi ti fẹ́ sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi gbé e wá síbí. Ọkọ̀ kékeré onílẹ̀kùn mẹ́rin ni. Tẹ́lẹ̀, lójú ọ̀nà márosẹ̀, lítà 7 àti díẹ̀ ló máa ń mu ní 100 km. Láti bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ó ti di 8. Mẹkáníìkì mi pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, ó fọ injẹ́tọ̀, ó pààrọ̀ asẹ́ afẹ́fẹ́. Pàbó ni gbogbo ẹ̀ já sí.

Lánàá, àbúrò mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi nínú ọkọ̀, ló bá ní, "Kí ló ń súfèé lórí wa yìí?" Mo ní kẹ́ríà ni. Bí mo ṣe sọ ọ́ báyìí ni ọkàn mi sọ kúlú: oṣù mẹ́ta náà ni mo gbé kẹ́ríà yẹn sórí ẹ̀, tí mo fi kó ẹrù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí mi ò sì tíì yọ ọ́. Kò sí nǹkan kan lórí ẹ̀ báyìí. Irin méjì onígun mẹ́rin tó dábùú orí ọkọ̀ lásán ni. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé irin méjì lè mu epo tó bẹ́ẹ̀?

Bàbá_Gíà

Irin méjì kẹ̀? Mo ti ń wa ọkọ̀ kí àwọn kan nínú yín tó dáyé. Irin tí kò wúwo tó ọmọ ọdún kan, ẹ́ńjìnnì á wá mọ̀ pé ó wà lórí òun? Ọmọ mi, padà lọ bá mẹkáníìkì rẹ. Kó yẹ sẹ́ńsọ̀ wò, kó wo bóyá bíréèkì kan ń di wíìlì mú. Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà.

Físíìsì_Ojú_Pópó

Bàbá, ẹ má bínú sí mi, ìwúwo kọ́ lẹjọ́. Ní ti ìwúwo, òótọ́ lẹ sọ. Àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ epo ọkọ̀ ní tí ẹrù inú ọkọ̀ bá fi nǹkan bíi kìlò 45 pọ̀ sí i, bí ìdá 1 nínú 100 ló ń bá epo lọ. Irin oníkìlò márùn-ún mẹ́fà, ẹ́ńjìnnì ò ní mọ̀ ọ́n. Afẹ́fẹ́ ló mọ̀ ọ́n.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ díẹ̀, ẹni tí ìṣirò bá ń rẹ̀ lè fò ó. Ipá tí afẹ́fẹ́ fi ń ti ọkọ̀ sẹ́yìn ni: ìdajì, lọ́nà ìkì afẹ́fẹ́, lọ́nà Cd, lọ́nà bí iwájú ọkọ̀ ṣe fẹ̀ tó, lọ́nà eré, tún lọ́nà eré. Cd yẹn ni nọ́ńbà tó ń sọ bí ìrísí ọkọ̀ ṣe ń yọ́ gba inú afẹ́fẹ́ kọjá. Bó bá ṣe kéré tó ló ṣe dáa tó. Ẹ mú ọkọ̀ tí Cd rẹ̀ jẹ́ 0.30, tí iwájú rẹ̀ jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 2.2. Ní 60 km/h, afẹ́fẹ́ ń tì í pẹ̀lú nǹkan bíi 110 newton (newton ni wọ́n fi ń wọn ipá). Ní 100, ó di 306. Ní 120, ó di 440.

Ẹ wá wo táyà. Tí ọkọ̀ náà bá jẹ́ kìlò 1400, fífà tí táyà ń fà á sẹ́yìn máa tó nǹkan bíi 137 newton, kò sì fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ yálà ọkọ̀ ń rọra lọ tàbí ó ń sáré. Nínú ìlú, táyà àti bíréèkì ló ń jẹ yín lépo. Ní márosẹ̀, afẹ́fẹ́ lọ̀gá. Ní 120, ó ju táyà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta.

Ibi tí kẹ́ríà wà gan-an tún ni ìṣòro. Afẹ́fẹ́ tí iwájú ọkọ̀ tì sókè gbọ́dọ̀ sáré gba orí òrùlé kọjá, nítorí náà tí ọkọ̀ bá ń sá 100, afẹ́fẹ́ tó ń kọlu irin yẹn ń sáré ju 100 lọ. Ibi tó yá jù ni ẹ gbé irin onígun mẹ́rin sí, ẹ wá fi dábùú ọ̀nà rẹ̀.

Ìyá_Ọkọ̀_Pupa

Físíìsì, ẹ kú làálàá. Èmi ò mọ newton, ṣùgbọ́n mo mọ táńkì. Àpótí ńlá ni èmi máa ń gbé sórí ọkọ̀ tí àwa àti àwọn ọmọ bá ń rìnrìn àjò. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé e lọ, ibi tí mo ti máa ń dúró ra epo, mi ò dé ibẹ̀ tí iná epo fi tàn. Mo rò pé táńkì ń jò ni, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì bí ẹni tó ń wá owó tó sọnù.

Àjọ tí ẹ dárúkọ yẹn náà ti sọ̀rọ̀ lórí àpótí. Wọ́n ní èyí tó tóbi tí ojú rẹ̀ sì gbàgede lè dín bí epo ṣe ń gbé ọkọ̀ jìnnà kù ní ìdá 2 sí 8 nínú 100 nínú ìlú, 6 sí 17 lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti 10 sí 25 fún ẹni tó bá ń sá nǹkan bíi 105 sí 120 km/h. Èyí tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ńkọ́? 1 sí 2 nínú ìlú, 1 sí 5 ní márosẹ̀. Ẹrù kan náà o. Ibi tí a gbé e sí ló yàtọ̀, torí pé ara ọkọ̀ ti la ọ̀nà fún ti ẹ̀yìn.

Láti ìgbà yẹn, ẹ̀yìn ni tèmi ń wà. Ìyọnu ẹ̀ ni pé búùtù ò ṣeé ṣí wẹ́rẹ́ mọ́.

Bàbá_Gíà

Àpótí yàtọ̀ sí irin. Àpótí tóbi bíi pósí, mo gbà. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ mélòó ló ti ilé-iṣẹ́ jáde pẹ̀lú irin lórí? Ṣé àwọn tó ṣe é ò mọ afẹ́fẹ́ ni?

Físíìsì_Ojú_Pópó

Ìbéèrè gidi lẹ bi yìí, Bàbá. Irin tí ilé-iṣẹ́ fi sórí ọkọ̀ máa ń nà láti iwájú lọ sẹ́yìn. Ojú ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà lọ náà ni òun náà nà sí, afẹ́fẹ́ ń bá a rìn ni. Irin tí Arìnnàjò dè mọ́ ọn ló dábùú, láti apá ọ̀tún sí apá òsì. Òun ni afẹ́fẹ́ ń forí sọ.

Ẹ tún wo ìrísí rẹ̀. Irin roboto kan, fífà tó ń fa ọkọ̀ sẹ́yìn máa ń tó ti ohun tí wọ́n gbẹ́ bí ìyẹ́ ọkọ̀ òfurufú tó nípọn jù ú lọ ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́wàá. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀yìn irin roboto ni afẹ́fẹ́ ti ń tú ká, tó ń ru gùdù, tí ibẹ̀ wá dà bí ibi òfìfo tó ń fa irin náà sẹ́yìn. Ìyẹ́ ní tirẹ̀ ń tín-ín-rín lọ sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, afẹ́fẹ́ á sì padà pàdé ara rẹ̀ jẹ́jẹ́. Irin onígun mẹ́rin tún burú ju roboto lọ.

Olùgbọ́_Ohùn

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ti súfèé yẹn, torí iṣẹ́ ohùn ni mò ń ṣe. Súfèé náà kì í ṣe ariwo lásán. Tí afẹ́fẹ́ bá kọjá lára irin, ó máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ní kókó kókó: ọ̀kan á yí lókè, èkejì á yí nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè, èkejì nísàlẹ̀, láì dáwọ́ dúró. Orúkọ Theodore von Kármán, onímọ̀ nípa bí afẹ́fẹ́ ṣe ń ṣàn, ni wọ́n fi ń pe ìtò àwọn kókó wọ̀nyí. Bí wọ́n ṣe ń já léraléra yẹn ni etí wa gbọ́ bíi súfèé. Bí ọkọ̀ bá ṣe yára sí i, ohùn á máa ga sí i. Arìnnàjò, ẹ gbọ́ ọ dáadáa nígbà míì, ẹ ó rí i pé bí ẹ bá tẹ epo, orin náà á gòkè.

Àwọn kan máa ń fi okùn lọ́ irin náà yíká bí ejò ṣe ń lọ́ mọ́ igi. Súfèé á dákẹ́ lóòótọ́, torí pé okùn ti da ìtò yẹn rú. Ṣùgbọ́n ẹ má tan ara yín o, epo ò dín kù. Irin ti sanra sí i ni.

Arìnnàjò_Òru

Áà! Okùn yẹn ni mo ti ń gbèrò láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ ṣeun tẹ́ ẹ tètè sọ̀rọ̀.

Píkọ́ọ̀pù_Adúdú

Ẹ dákun, mo fẹ́ ya ọ̀rọ̀ yín díẹ̀. Píkọ́ọ̀pù lèmi ń wà. Gbogbo ìgbà tí n kò bá kó ẹrù ni mo máa ń ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn sílẹ̀ gbalaja, kí afẹ́fẹ́ lè ríbi gbà jáde, kó má di ọkọ̀ mú. Ó ti tó ọdún mẹ́jọ tí mo ti ń ṣe é. Ṣé mo ń gba epo là?

Físíìsì_Ojú_Pópó

Ọ̀gá, ẹ ti i padà.

Ó jọ ohun tó bọ́gbọ́n mu lóòótọ́, èmi náà gbà á gbọ́ nígbà kan. Ṣùgbọ́n tí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn bá wà ní títì, afẹ́fẹ́ tó bọ́ sínú àyè ẹrù máa ń yí po níbẹ̀ bí omi inú korobá tí èèyàn fi ọwọ́ rò. Ó ń yí lójú kan, kò lọ, kò bọ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí kábíìnì bọ̀ á wá gun orí èyí tó ń yí po, á gbà á kọjá bíi pé ìdérí wà níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀, ẹ ti da korobá nù. Afẹ́fẹ́ orí kábíìnì á já wálẹ̀ lẹ́yìn, á sì máa fa ọkọ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi díẹ̀ lé e, ìdérí pẹlẹbẹ tó bo àyè ẹrù máa ń ṣèrànwọ́ díẹ̀ sí i.

Píkọ́ọ̀pù_Adúdú

Ọdún mẹ́jọ! Ẹ jẹ́ kí n lọ jókòó ná.

Adélé_Ọ̀ṣọ́

Èmi ni mo máa ń ṣe ọkọ̀ lọ́ṣọ̀ọ́ fáwọn èèyàn, nítorí náà ẹ má jù mí lókùúta. Oníbàárà tó bá bi mí, òótọ́ ni mò ń sọ fún un. Irin ńlá iwájú bọ́ńpà máa ń da afẹ́fẹ́ rú kó tó débi bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tún wúwo. Pákó iná gbọọrọ orí òrùlé, arákùnrin kẹ́ríà ni. Gbígbé ọkọ̀ sókè, kí wọ́n wá ki táyà fífẹ̀ bọ̀ ọ́, nínú gbogbo ohun tí mò ń ṣe, òun ló ń jẹ epo jù, torí iwájú ọkọ̀ ti fẹ̀ sí i, abẹ́ rẹ̀ tó rí jákujàku sì ti yọ síta fún afẹ́fẹ́. Àsíá tí wọ́n ń kì bọ fèrèsé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ tó wọ márosẹ̀. Rọ́bà ìbòjò fèrèsé àti éríà rédíò? Mi ò rò pé ẹ̀yin àti táńkì yín máa mọ̀ ọ́n.

Sipọ́ílà ló máa ń dá ìjà sílẹ̀. Ìyẹ́ ńlá tó dúró lókè búùtù, iṣẹ́ rẹ̀ ni láti tẹ ìdí ọkọ̀ mọ́lẹ̀ nígbà eré, ohun tó sì ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀ báyẹn máa ń fà á sẹ́yìn pẹ̀lú. Ètè kékeré tó kàn gùn díẹ̀ létí òrùlé tàbí búùtù yàtọ̀, òun lè ran afẹ́fẹ́ lọ́wọ́ láti já geere. Èyí tí wọ́n ṣe sára ọkọ̀ láti ilé-iṣẹ́, wọ́n ti dán an wò. Èyí tí wọ́n rà, tí wọ́n fi gúlúù lẹ̀, ojú ló ń rí i.

Físíìsì_Ojú_Pópó

Adélé, ẹ ò kéré. Ẹ jẹ́ kí n fi nọ́ńbà méjì ti ọ̀rọ̀ yín lẹ́yìn, kẹ́ ẹ lè rí bí nǹkan kékeré ṣe kéré tó. Audi e-tron tó jáde ní 2018, tó bá lo dígí ẹ̀gbẹ́ bíi ti gbogbo ọkọ̀, Cd rẹ̀ jẹ́ 0.28. Tí wọ́n bá yọ dígí, tí wọ́n fi kámẹ́rà tín-ín-rín rọ́pò, ó di 0.27. Ìyẹn ni gbogbo èrè dígí méjèèjì. (Kí ẹnikẹ́ni má lọ ṣẹ́ dígí ọkọ̀ rẹ̀ o!) Èkejì: àwọn ẹ̀gún kéékèèké tí àwọn èèyàn ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn òrùlé. Mitsubishi gbé ìwádìí jáde lórí wọn ní 2004 fún mọ́tò wọn kan, Lancer Evolution. Ohun tí wọ́n dín kù nínú Cd jẹ́ 0.006. Ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń já kúrò lára ọkọ̀ yẹn gan-an ni wọ́n wọ̀n kí wọ́n tó mọ ibi tí wọ́n máa gbé wọn sí. Ẹni tó bá kàn rà á, tó lẹ̀ ẹ́ síbi tó wù ú, ó lè má rí 0.006 yẹn pàápàá.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé kò tuntun. Ní 1921, Edmund Rumpler, ẹni tó ti ń ṣe ọkọ̀ òfurufú, gbé mọ́tò kan jáde ní Berlin tó rí bí ẹ̀kán omi. Ní 1979, Volkswagen gbé ọ̀kan nínú wọn sí ibi tí wọ́n ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ lu ọkọ̀: Cd rẹ̀ jẹ́ 0.28. Ọ̀pọ̀ jíìpù òde òní ò débẹ̀.

Iná_Ló_Ń_Wà_Á

Ti ọkọ̀ oníná tún le ju tiyín lọ. Ẹ́ńjìnnì epo ti ń fi ooru ṣòfò púpọ̀ tẹ́lẹ̀, nítorí náà ohun tí afẹ́fẹ́ jẹ máa ń fara pa mọ́ sáàárín òfò yòókù. Tiwa ò ní òfò tó pọ̀, gbogbo ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbà ni bátìrì ń fi hàn mí lójú ẹsẹ̀. Mo gbé kẹ̀kẹ́ méjì sórí òrùlé lọ́jọ́ kan, kìlómítà tó kù lójú díáàlì ń já bí ẹni ń ka owó. Ìdérí pẹlẹbẹ tí wọ́n fi bo wíìlì, tí gbogbo èèyàn ń sọ pé ó burẹ́wà, èmi ò yọ tèmi o. Wíìlì àti ihò rẹ̀ nìkan lè kó tó ìdá kan nínú mẹ́rin gbogbo ìjà tí ọkọ̀ ń bá afẹ́fẹ́ jà.

Ìyá_Ọkọ̀_Pupa

Arìnnàjò, gbogbo wa ti sọ̀rọ̀ tán lórí ọkọ̀ tí a kò rí. Ẹ lọ dán an wò. Bí èmi ṣe ṣe tèmi nìyí: ẹ kún táńkì títí tí nọ́sù á fi já fúnra rẹ̀, ẹ má fi ẹ̀kán kan lé e. Ẹ rin ọ̀nà kan náà ní àlọ àti àbọ̀, torí atẹ́gùn tó ń tì yín lọ ni yóò dojú kọ yín tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Ẹ padà sí ibi epo kan náà, ẹ̀rọ kan náà, ẹ tún kún un. Lítà tó wọlé, ẹ pín in fún kìlómítà, ẹ wá fi 100 sọ ọ́ di púpọ̀. Ẹ ṣe é pẹ̀lú kẹ́ríà, ẹ ṣe é láìsí i, ẹ tún dá a padà kẹ́ ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ̀kẹta yẹn làwọn èèyàn kì í ṣe, òun ló sì ń fi hàn pé kì í ṣe ọjọ́ ló yàtọ̀.

Físíìsì_Ojú_Pópó

Ẹ kọ́kọ́ wọn táyà kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ o, Arìnnàjò. Kí n má purọ́, láti 7 àti díẹ̀ dé 8 ti pọ̀ jù fún kẹ́ríà òfìfo nìkan. Nǹkan míì ń bá a ṣiṣẹ́ pọ̀.

Bàbá_Gíà

Ẹ ṣeun! Ohun tí mo ti ń sọ látàárọ̀ nìyẹn.

Arìnnàjò_Òru

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ti dé, mo sì mú èsì bọ̀.

Mo ṣe é bí Ìyá ṣe wí. Pẹ̀lú kẹ́ríà, lítà 8.0. Mo yọ ọ́: 7.6. Mo dá a padà: 8.1. Àbúrò mi ló ń bá mi kọ ọ́ sínú ìwé, òun náà ló ní kí n má sá kọjá 110 nígbà kankan, kó má bàa dà rú. Ibi tó ti sọ bẹ́ẹ̀ gan-an ni mo ti rántí pé ọ̀nà àtijọ́ tí mo máa ń gbà tẹ́lẹ̀ kún fún kòtò, mi ò lè sá ju 90 lọ lójú ẹ̀. Ọ̀nà tuntun tó dán ni mò ń gbà báyìí, oṣù mẹ́ta ló sì ti ṣí! Èmi fúnra mi ló ń tẹ ẹ́ kọjá ibi tí mo ń tẹ ẹ́ dé tẹ́lẹ̀.

Táyà náà wà níbẹ̀. Mi ò tètè wọn wọ́n bí Físíìsì ṣe wí, ẹ forí jì mí, ó dìgbà tí mo ṣe gbogbo ìdánwò tán. Ẹ̀yìn méjèèjì ti rọ̀, afẹ́fẹ́ inú wọn ò tó rárá. Mo fẹ́ wọn dé ìwọ̀n tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, mo tún rìn láìsí kẹ́ríà: 7.4.

Bàbá, ẹ jàre díẹ̀. Mẹkáníìkì mi ò jẹ̀bi, ṣùgbọ́n irin náà jẹ̀bi.

Bàbá_Gíà

Mo ti rí i. 8.0, 7.6, 8.1. Tí kì í bá ṣe pé o dá a padà lẹ́ẹ̀kejì, mi ò bá sọ pé atẹ́gùn ọjọ́ yẹn ni. Mo lọ wo orí ọkọ̀ tèmi lówùúrọ̀ yìí. Kẹ́ríà wà níbẹ̀. Ọdún kẹfà rèé. Bóòtù rẹ̀ ti dípẹtà, kò yí mọ́.

Adélé_Ọ̀ṣọ́

Bàbá, ẹ fọ́n epo tó ń tú ìpẹtà sí i lálẹ́, kẹ́ ẹ fi sílẹ̀ di àárọ̀. Ẹ má fipá yí i, ó máa já sínú ihò rẹ̀, òrùlé á wá máa jò.

Arìnnàjò_Òru

Tèmi ti kúrò, ògiri ni mo gbé e kọ́ sí. Àbúrò mi ní ọkọ̀ ti dákẹ́ jù, pé òun ń gbọ́ aago ọwọ́ mi. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: bóòtù mẹ́jọ wọ̀nyí, níbo lẹ máa ń kó tiyín sí tí wọn kì í sọnù?

Ìyá_Ọkọ̀_Pupa

Ẹ kó wọn sínú ọ̀rá, pẹ̀lú sípánà wọn, kẹ́ ẹ so ọ̀rá náà mọ́ irin kẹ́ríà fúnra rẹ̀. Mo ti wá tèmi rí fún odindi ọjọ́ kan.